Orí Kẹjọ: Kí Ló Ń Mú Ẹ́ńjìnnì Tòkunbọ̀ Ké Lásán Lẹ́yìn Ọkọ̀?

Ẹni tí ó bá ti Igbódìgò ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Igbókọ̀dá, tí ó sì dúró ní èbúté níbi tí àwọn ará Ìlàjẹ ti ń kó ẹja wọlé, tí àwọn ará òkè sì ń kó púpurù àti epo pupa wọ ọkọ̀ lọ sí àwọn ìlú etí òkun, yóò gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì kí ó tó gbọ́ ohùn ènìyàn. Bí ó bá sì fara balẹ̀ fetí sílẹ̀, yóò mọ̀ pé ìró wọn kò dọ́gba. Èyí ń dún lóhùn tó nípọn, ọkọ̀ rẹ̀ sì ń lọ ní tirẹ̀. Òmíràn, tí ó jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ kan náà ni ó ṣe é, tí agbára rẹ̀ kò sì fi bíńtín dín sí ti àkọ́kọ́, ń han gooro bí awakọ̀ bá ti fún un níná, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ó gbé e kò yára ju èyí tí a ń fi àjẹ̀ wà lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń sọ pé ẹni tó ta ẹ́ńjìnnì náà ló lu oníbàárà ní jìbìtì. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, lọ́pọ̀ ìgbà ni a ń dá olùtajà lẹ́bi ohun tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí pé ẹ̀bi náà wà ní ojú ibi tí ẹ́ńjìnnì àti ọkọ̀ ti pàdé, èyíinì ni pákó ìdí ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń bá wí. Ẹ́ńjìnnì yìí kì í gbé inú ọkọ̀. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni a ń gbé e kọ́, orí rẹ̀ wà lókè níbi tí iná ti ń jó, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn wọnú omi, àjẹ̀ oníyíyípo tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní pùròpélà sì wà ní ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ náà. Àwọn kan ti ń dán irú rẹ̀ wò ṣáájú, ṣùgbọ́n Ole Evinrude, ọmọ ilẹ̀ Norway tí ó dàgbà sí Amẹ́ríkà, ni ó sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé ń rà, nígbà tí ó gbé tirẹ̀ jáde ní ìlú Milwaukee ní ọdún 1909. Agbára ẹṣin kan àbọ̀ péré ni èyí àkọ́kọ́ ní. Ilé-iṣẹ́ Yamaha ti ilẹ̀ Japan kò bẹ̀rẹ̀ títí di ọdún 1960, ṣùgbọ́n lónìí, ẹlẹ́ṣin 40 tiwọn tí à ń pè ní Enduro ti di ojúlùmọ̀ gbogbo etí omi Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ní ti ẹ́ńjìnnì Evinrude, ọdún 2020 ni àwọn tí ó ni ín dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró. Kí ẹni tí ó bá rí ọ̀kan rà ní pọ́ọ́kú kọ́kọ́ béèrè ibi tí yóò ti máa rí èèlò rẹ̀ rà ní ọdún márùn-ún sí i.

Láti ọdún 1998 ni òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì ti ń fi díẹ̀díẹ̀ lé irú ẹ́ńjìnnì tí ń jó ọ́ìlì pọ̀ mọ́ bẹntiróòlù kúrò lójú omi wọn nítorí èéfín àti epo tí ń tú sínú omi, àwọn ará Yúróòpù náà sì tẹ̀ lé wọn. Àwa kò tíì lé e. Ohun tí wọ́n bọ́ sílẹ̀ lọ́hùn-ún kò ṣòro rí lọ́jà wa, ẹni tí ó bá sì rà á gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn pé ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ti ní ọkọ̀ kan rí. Ìdí ọkọ̀ yẹn ni a fi wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tí a rà á ní tuntun, ìdí ọkọ̀ yẹn kì í sì í ṣe ti ọkọ̀ tiwa.

Kí ni ẹsẹ̀ ní í ṣe pẹ̀lú eré? Iṣẹ́ tí pùròpélà ń ṣe kò ju ọ̀kan lọ: ó ń gbá omi sẹ́yìn, omi tí ó gbá sẹ́yìn náà sì ń ti ọkọ̀ síwájú. Kí ó tó lè ṣe èyí, ó gbọ́dọ̀ rí omi tó le dì mú. Afẹ́fẹ́ kò ṣeé dì mú. Ó fúyẹ́ ju omi lọ ní nǹkan bí ìlọ́po ẹgbẹ̀rin (800), nítorí náà bí afẹ́fẹ́ bá ráyè dé ara pùròpélà, àjẹ̀ náà yóò máa yí nínú ìfófòó tí kò ní agbára, ẹrù yóò bọ́ lọ́rùn ẹ́ńjìnnì lójijì, yóò sì máa yí ju bí ó ti yẹ lọ. Igbe tí à ń gbọ́ nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì náà kò ṣàìsàn o; kò rí nǹkan tì ni.

Nítorí èyí ni àwọn tí ó ṣe ẹ́ńjìnnì fi da irin pẹlẹbẹ kan mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, lókè orí pùròpélà gan-an, tí ó nà sẹ́yìn ju pùròpélà lọ. Mo ń pè é ní pẹpẹ ìdínà afẹ́fẹ́, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn: ó ń bo orí pùròpélà kí ó má baà máa fa afẹ́fẹ́ láti ojú omi wá sísàlẹ̀. Pẹpẹ yìí ni ojú àmì tí a fi ń mọ̀ bóyá ẹ́ńjìnnì bá ọkọ̀ mu. Nígbà tí ọkọ̀ bá wà lórí ilẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì sì dúró ṣánṣán lẹ́yìn rẹ̀, kí pẹpẹ náà dọ́gba pẹ̀lú ìsàlẹ̀ ọkọ̀, tàbí kí ó fi bí íǹṣì kan rẹlẹ̀ sí i. Bí ó bá ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, pùròpélà yóò máa gbé afẹ́fẹ́ mì, pàápàá bí ọkọ̀ bá ń yí tàbí tí ìgbì bá gbé ìdí rẹ̀ sókè. Bí ó bá sì rẹlẹ̀ jù, ẹsẹ̀ gbọọrọ náà yóò máa wọ́ nínú omi, yóò máa fọ́n omi sókè sínú ọkọ̀, yóò sì máa jẹ epo ju bí ó ti yẹ lọ. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, mi ò rò pé ọlọ́kọ̀ kan wà ní Igbókọ̀dá tí irú ìfiṣòfò bẹ́ẹ̀ kò dùn dé egungun.

Oríṣi ẹsẹ̀ mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀. Ẹsẹ̀ kúkúrú wà fún pákó ìdí ọkọ̀ tí ó ga ní íǹṣì 15, ẹsẹ̀ gígùn wà fún ti íǹṣì 20, èyí tí ó gùn jù wọ́n lọ sì wà fún ti íǹṣì 25. Ìyàtọ̀ àárín ọ̀kan sí èkejì, bí ẹ ti rí i, jẹ́ íǹṣì márùn-ún, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀n tí ojú omi lè gbà mọ́ra kò ju íǹṣì kan tàbí díẹ̀ sí i lọ. Kò sí bí ọgbọ́n awakọ̀ ti lè pọ̀ tó tí yóò fi ọgbọ́n bo íǹṣì mẹ́rin mọ́lẹ̀.

Ìwọ̀n ni ó yẹ kí ó ṣáájú owó, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó ń tẹ̀ lé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan yóò ti ra ẹ́ńjìnnì láti Èkó, yóò gbé e wá sọ́dọ̀ kápẹ́ńtà àgbà tí ń kan ọkọ̀, yóò sì wí pé: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gé orí pákó yìí sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè kan omi dáadáa." Àgbà náà kò ní mú ayùn. "Ọmọ mi, ṣé o ti wọn ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì náà? Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Lọ mú ìdíwọ̀n wá ná."

Bí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n nìyí. Ní ti ẹ́ńjìnnì, a ó ti abẹ́ ìwọ̀ irin tí ń jókòó lórí pákó bẹ̀rẹ̀, a ó sì wọ̀n ọ́n gbọọrọ dé orí pẹpẹ ìdínà afẹ́fẹ́. Ní ti ọkọ̀, àárín gbùngbùn orí pákó, níbi tí ẹ́ńjìnnì yóò jókòó sí, ni a ó ti bẹ̀rẹ̀, a ó sì sọ okùn tí a so irin mọ́ sísàlẹ̀ kí ó lè lọ ṣánṣán dé ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Ẹni tí ó bá fi ìdíwọ̀n tẹ̀ lé ara pákó tí ó dà sẹ́yìn yóò rí iye tí ó ju ti òtítọ́ lọ, àṣìṣe yìí sì wọ́pọ̀ púpọ̀. Ẹ má sì wọ̀n ọ́n ní ẹ̀gbẹ́, nítorí pé ìsàlẹ̀ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ máa ń rẹlẹ̀ ní àárín ju ẹ̀gbẹ́ lọ.

Bí ẹsẹ̀ bá gùn ju pákó lọ, kápẹ́ńtà lè kan igi líle kún orí pákó láti gbé e sókè. Ọ̀pẹ̀pẹ̀ dára fún irú iṣẹ́ yìí nítorí pé omi kì í tètè jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n igi tí a kàn lé e gbọ́dọ̀ gba bóòtì wọnú pákó ìsàlẹ̀, kì í ṣe ìṣó lásán. Bí ẹsẹ̀ bá kúrú jù, gígé pákó sílẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń sáré sí, èmi kò sì fẹ́ràn rẹ̀, nítorí pé ihò tí a gé sí ìdí ọkọ̀ ni ẹnu ọ̀nà tí omi yóò gbà wọlé ní ọjọ́ tí ìgbì bá lé ọkọ̀ bá láti ẹ̀yìn. Ó sàn kí onítọ̀hún wá ẹni tí yóò bá a fi ẹlẹ́sẹ̀ gígùn pààrọ̀ rẹ̀. Ní ilẹ̀ Ghana, níbi tí ọkọ̀ ẹja wọn jẹ́ igi kan ṣoṣo tí a gbẹ́, tí ìdí rẹ̀ ṣóńṣó tí kò sì ní pákó ìdí rárá, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ní apá ọ̀tún lẹ́yìn ni wọ́n kan àga igi sí tí wọ́n ń gbé ẹ́ńjìnnì kọ́. Ó jẹ́ ọgbọ́n gidi.

Ohun kan tún wà tí àwọn ìwé òyìnbó kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹnu mọ́, nítorí pé ọkọ̀ oníke àti oníirin wọn sábà máa ń dán nísàlẹ̀. Ọkọ̀ onípákó tiwa ní igi ẹ̀yìn tí ó gùn láti iwájú dé ìdí, tí ó yọ sísàlẹ̀. Bí igi yìí bá dé ìdí ọkọ̀ pẹ̀lú ìnípọn rẹ̀ gbàgbà, omi tí ó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò dàrú, yóò sì kó afẹ́fẹ́ mọ́ra lọ bá pùròpélà, a ó sì tún gbọ́ igbe bí ìwọ̀n tilẹ̀ pé. Ẹ ní kí kápẹ́ńtà fá ìparí igi náà dà sókè díẹ̀díẹ̀ kí ó tó dé ìdí, kí omi lè pa ara pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kí ó tó kan àjẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá kan agbára pákó fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìwúwo ẹ́ńjìnnì ni pákó ń rù, ìwúwo yìí kì í sì í ṣe kékeré, nítorí pé ẹlẹ́ṣin 40 ju kílò 70 lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré, ohun tí pákó ń faradà ju èyíinì lọ. Ẹ wo kápẹ́ńtà tí ó ń fi ẹ̀yìn òòlù yọ ìṣó: ọwọ́ rẹ̀ jìnnà sí ìṣó, nítorí náà agbára díẹ̀ ní ìparí èèkù di agbára ńlá ní ẹnu òòlù. Pùròpélà ni ọwọ́ yẹn. Ó ń ti ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ síwájú, ìsàlẹ̀ irin ìkọ́ ẹ́ńjìnnì ń tẹ pákó mọ́lẹ̀ síwájú, orí irin náà sì ń fẹ́ já bọ́ sẹ́yìn. Èyí ni pé àwọn bóòtì òkè ni ó ń jìyà jù lọ, pàápàá nígbà tí awakọ̀ bá fún un níná lójijì, tàbí tí ẹsẹ̀ bá kọlu kùkùté lábẹ́ omi. Pákó tí ń mì díẹ̀díẹ̀ nígbà tí a bá fi ọwọ́ mú orí ẹ́ńjìnnì tì í síwá sẹ́yìn kò yẹ fún ẹ́ńjìnnì náà, bí ó ti wù kí ọ̀dà rẹ̀ dán tó. Kápẹ́ńtà tí ó mọ iṣẹ́ a máa fi igi orúnkún méjì gbá pákó ìdí mọ́ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ nínú, kí agbára tí pùròpélà fi ń tì lè kọjá sínú gbogbo ara ọkọ̀.

Ẹ́ńjìnnì ní ìdè méjì tí ó dàbí ọwọ́, tí a ń fi ọwọ́ lásán yí títí wọn yóò fi há pákó. Fún ẹ́ńjìnnì kékeré wọ́n tó. Fún ẹlẹ́ṣin 25 tàbí 40, ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ yóò tú wọn díẹ̀díẹ̀, kò sì ní kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni, nítorí náà bóòtì tí ó la pákó kọjá ni a gbọ́dọ̀ fi dè é, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, kí ó jẹ́ irin tí kì í dípẹtà, kí wọ́sà fẹ̀ nínú ọkọ̀ tàbí kí a fi irin pẹlẹbẹ kan gbá gbogbo wọn pọ̀. Kí a sì fi ṣéènì tàbí okùn tó yi so ẹ́ńjìnnì mọ́ ara ọkọ̀ lọ́tọ̀, nítorí ọjọ́ tí ìdè bá já. Ẹrù tí ó bá rì sínú ẹrẹ̀ omi wa ti di ti Málòkun, òrìṣà òkun.

Ihò tí a lu fún bóòtì ni àgbà ìṣòro nínú ọkọ̀ oníke, nítorí pé igi fẹlẹfẹlẹ tí a lẹ̀ pọ̀ ni ó wà láàárín awọ ike méjèèjì. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ inú ògiri. Omi a máa gba ẹ̀gbẹ́ bóòtì wọlé, a máa jẹ igi inú rẹ̀ rà díẹ̀díẹ̀, ìta rẹ̀ a sì máa dán gbinrin bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ẹ fi èèkù òòlù kan gbogbo ara pákó: ibi tí ó bá dún ganran le, ibi tí ó bá dún bọ́lọ́ ti jẹrà. Nígbà tí a bá sì ń lu ihò tuntun, kí a fi àtè tí omi kì í là kọjá kun inú ihò náà yípo, kí a tó ti bóòtì bọ̀ ọ́. Dídè rẹ̀ kò gba ìwàǹwára. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Kí a dè é díẹ̀ lọ́tùn-ún, díẹ̀ lósì, títí gbogbo wọn yóò fi gbá pákó mú lọ́gbọọgba.

Lẹ́yìn gíga, ìdagun ni ó kù. Irin gbọọrọ kan wà tí a ń tì bọ ihò lára ìkọ́ ẹ́ńjìnnì, òun ni ó ń sọ bí ẹsẹ̀ yóò ti súnmọ́ ìdí ọkọ̀ tó. Bí iwájú ọkọ̀ bá ń wo ọ̀run nígbà tí ó ń sáré, ẹ mú ẹsẹ̀ súnmọ́ ọkọ̀ ní ihò kan. Bí iwájú bá ń wa imú bọ omi, ẹ sún un jìnnà. Ṣùgbọ́n kí a tó dá irin lẹ́bi, kí a wo ẹrù: bí àgbá epo, awakọ̀ àti àpò púpurù bá péjọ sí ìdí, kò sí ihò tí yóò gbà á.

Ẹni tí ó bá ti gbé e kalẹ̀ tán yóò rí irin eérú kékeré kan lábẹ́ pẹpẹ, tí ó dàbí ìrù ẹja. Lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, iṣẹ́ méjì ló ń ṣe: ó ń ran awakọ̀ lọ́wọ́ kí ọkọ̀ má baà máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì ń fi ara rẹ̀ rúbọ kí omi iyọ̀ má baà jẹ ara ẹ́ńjìnnì, ìdí nìyí tí mo fi sọ ọ́ ní irin-ẹbọ. Bí ó bá ti jẹ dé ìdajì, kí á pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn tí ń tún tòkunbọ̀ kùn fún títà sábà máa ń fi ọ̀dà bò ó mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìyókù. Irin-ẹbọ tí a kùn lọ́dà kò lè ṣe iṣẹ́ kankan mọ́. Ẹ há a kúrò.

Gíga ẹ́ńjìnnì kan ẹ̀mí rẹ̀ pẹ̀lú. Omi tí ẹsẹ̀ ń wọ̀ ni ó fi ń tu orí lára: rọ́bà ìfami kan tí ó ní ewé bí òdòdó wà nínú ẹsẹ̀, ó ń fa omi láti ojú ihò wẹẹrẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ń tì í gòkè lọ sí ibi tí iná ti ń jó. Bí ẹ́ńjìnnì bá ga jù, ojú ihò yóò máa yọ sí afẹ́fẹ́, rọ́bà yóò máa yí ní gbígbẹ, kò sì ní pẹ́ jó. Etí òkun Màhìn ní ilẹ̀ Ìlàjẹ jẹ́ ẹrẹ̀, kì í ṣe iyanrìn bíi ti Èkó, ẹrẹ̀ yìí sì ń jẹ ewé rọ́bà. Ewéko ojú omi tí ó ti orílẹ̀-èdè Benin wọ odò Badagry ní 1984, tí ó sì ti gba ọ̀nà omi wa kan, ń dí ojú ihò pa. Ẹni tí ó bá ra tòkunbọ̀ kí ó ra rọ́bà tuntun lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó má sì bi olùtajà bóyá ti àtijọ́ ṣì dára. Kí ó tú ọ́ìlì jíà díẹ̀ sílẹ̀ náà: bí ó bá funfun bíi mílíìkì, omi ti wọlé, owó sì tún kù tí yóò jáde.

Ní ọjọ́ ìdánwò, ẹ má kó ẹrù, kí gbogbo ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ wọ ẹ̀wù ìléfòó, kí awakọ̀ sì so okùn ìpaná mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì lè kú bí ó bá ṣubú. Bí ó bá ti jí, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ fún omi tín-ínrín tí ń tú jáde, tí àwọn awakọ̀ ń sọ pé ẹ́ńjìnnì ń tọ̀. Bí kò bá tọ̀, ẹ pa á kíá. Ẹ fi eré díẹ̀ lọ ní ọ̀gbọọrọ, kí ẹ sì yí ọkọ̀ ní ọ̀tún àti ní òsì. Bí ó bá ké nígbà tí ẹ ń yí nìkan, ẹ fi bí ìdajì íǹṣì sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ kí ẹ tún un dánwò. Bí ó bá ń ké ní ọ̀gbọọrọ náà, ẹ padà sí ìdíwọ̀n. Nígbà tí ẹ bá sì dé èbúté, kí ẹ tún gbogbo bóòtì dè, kí ẹ wo abẹ́ wọ́sà nínú ọkọ̀: bí wọ́sà bá ti wọnú igi, igi náà rọ̀ ju ohun tí a fi bóòtì dè mọ́ ọn lọ, irin pẹlẹbẹ tó fẹ̀ ni kí ẹ wá kí ẹ tó kó ẹrù àkọ́kọ́.